Gìtá Tí Kò Gbọdọ̀ Dán

Sánpépà ni Dókítà kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì, lẹ́yìn náà ìdì kọ́kọ́rọ́ kan, lẹ́yìn náà ife tíì dúdú tí kò ní ṣúgà. Irinṣẹ́ tó fi ń sọ gìtá tuntun di arúgbó nìyẹn. Dókítà yìí kì í wo èèyàn. Gìtá ni aláìsàn rẹ̀, ó sì ti ń wò wọ́n sàn nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró yìí fún ogún ọdún.

"Gbé e wá," ó wí fún Atẹ̀wé.

Atẹ̀wé kò gbé e wá. Ó gbé gìtá rẹ̀ lé itan, ó di ọrùn rẹ̀ mú. Gìtá náà pupa fòò, ó ń dán débi pé èèyàn lè fi wo ojú. Ti ìgbàlódé ni: ara rẹ̀ fúyẹ́, ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ọrùn yẹn ló tìtorí rẹ̀ rà á. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé nílé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ gé iṣan ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka náà jinná, ṣùgbọ́n kò ká dáadáa mọ́. Gìtá àtijọ́ tó nípọn lọ́rùn, kò lè lù ú kọjá orin kan kí ọwọ́ tó kú. Kò sẹ́ni tí kò mọ èyí nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó tì í: Dókítà; Awakọ̀, tó ń lu gìtá kejì; àti Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá Atẹ̀wé, tó ni ẹgbẹ́ olórin náà, tó sì kọ́ ọ ní gìtá láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnìkan tó ni gbọ̀ngàn ńlá ti pe ẹgbẹ́ wọn fún ọjọ́ Sátidé. Ó ní ẹgbẹ́ àtijọ́ lòun fẹ́, kí ohun gbogbo sì rí bíi tàtijọ́. Bàbá Kékeré ti pàṣẹ: wọ́n á fá gìtá Atẹ̀wé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn á jókòó sórí àga rẹ̀.

Atẹ̀wé kórìíra ìfiṣòfò. Pẹ́ńtì tí ẹnìkan fara balẹ̀ kùn lẹ́ẹ̀mẹfà, kí ẹlòmíràn tún máa fi sánpépà bó o kúrò, wèrè ni lójú rẹ̀.

"Ṣé gìtá náà nìyẹn?" Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Gìtá tó ń jẹ bátìrì bíi tọ́ọ̀ṣì! Lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú, ṣé ẹnu lo máa fi lù ú?"

"Tiyín ò jẹ bátìrì, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ó ń kùn bí ilé oyin. Tí wọ́n bá tan fáànù, fáànù là ń gbọ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó.

"Ohùn àtijọ́ lohùn," ni Awakọ̀ wí. "Igi tó bá gbẹ ló ń sọ̀rọ̀. Tìrẹ ṣì tutù. Wo tèmi, ó dàgbà ju àkọ́bí mi lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo bá yín di àpótí rẹ̀ mú lọ́jọ́ tí ẹ tú ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. Àkọ́bí yín dúró síbẹ̀, ó ti ń hu irùngbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ gbé e wá síbí, tí Dókítà fi tíì wẹ̀ ẹ́."

Gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́ síta rí. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí kò sọnù nínú àpò rẹ̀.

Bàbá Kékeré gbójú sókè. "Ẹnu rẹ ti ń gùn jù. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Ẹ ṣeun, Bàbá Kékeré. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an lẹ bá mi sọ. Mi ò ní àkísà. Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ fa aṣọ tuntun mi ya kí n lè ní in?"

"Mo ní gbé gìtá yẹn kalẹ̀!"

"Gìtá tiyín, apá yín ló fá a. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni bọ́tìnnì ẹ̀wù yín ti ń ha ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí apá tèmi náà fá tèmi. Tó bá di ọgbọ̀n ọdún sí i, ẹ wá wò ó."

"Mi ò ní sí láyé nígbà yẹn."

"Ẹ ó wà. Ẹ ó sì máa bú u."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Bàbá Kékeré. Ṣùgbọ́n ó ti pàṣẹ lójú ọkùnrin méjì, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kó àṣẹ padà sápò. Ó dìde, ó mú sánpépà fúnra rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

Atẹ̀wé kò sá. Ó tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí ara pupa gìtá náà, àpá orí ìka àárín sì hàn ketekete.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọwọ́," ó wí. "Òun ti gbọgbẹ́ tẹ́lẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí bíi tàtijọ́."

Bàbá Kékeré wo ọwọ́ náà. Òun ló kọ́ ọ ní orin àkọ́kọ́ tó mọ̀. Ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ló la sánpépà mọ́ tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí tíì fi dànù.

"Má wá lọ́jọ́ Sátidé."

"Mò ń bọ̀, sà."

"Mo ní má wá!"

"Mo gbọ́ yín, Bàbá Kékeré. Mò ń bọ̀."

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n to àga sórí pèpéle gbọ̀ngàn náà. Ti Atẹ̀wé nìkan ni kò sí, wọn ò sì mú ẹlòmíràn wá. Atẹ̀wé gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ó la àárín èrò kọjá, gìtá lọ́rùn rẹ̀ láìfi nǹkan kan bò ó. Ó gun pèpéle, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó sì dúró sí àyè tí wọ́n ti yọ àga rẹ̀.

Ẹni tó ni gbọ̀ngàn dìde, ó nàka sí i. "Èwo wá ni pupa yẹn? Ṣé ohun tí a jọ sọ nìyí?"

"Ọmọ mi ni," ni Bàbá Kékeré dáhùn, ìbínú sì wà lóhùn rẹ̀. "Olórí kunkun ni. Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, gbogbo wa pátá la máa palẹ̀ mọ́."

Ọkùnrin náà wo èrò tó ti jókòó, ó wo ẹgbẹ́ olórin, ó sì padà jókòó.

"Ìwọ náà, jókòó," ni Bàbá Kékeré wí láìwo ẹ̀yìn.

"Kò sí àga, sà."

"Dúró nígbà náà. Má sì ba orin mi jẹ́."

Ó ka ení, ó ka èjì, Atẹ̀wé sì wọnú orin.