Ẹja Òkè Àpáta

"Kì í ṣe ẹja inú fìríìjì, Orpha. Ẹja alámì ni mo wí. Ti òkè Àpáta."

Arvel sinmi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó gbé àpò èédú gun àkàsọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fún un ní èémí ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọbẹ̀ ẹ̀wà àárọ̀ ṣì wà lórí àga, ó ti dì. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún Orpha pé kó máa fún ọkọ rẹ̀ ní ohunkóhun tó bá béèrè, torí pé kò sí ohun tí oògùn tún lè ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró tí eruku èédú ti jẹ. Láti ìgbà náà, Arvel kò béèrè nǹkan kan. Èyí ni àkọ́kọ́.

"Ìwọ tí o ò lè gbé omi ọbẹ̀ mì, ẹja lo fẹ́ jẹ?"

"Tí o bá dín in bí ìyá mi ṣe ń dín in, n ó jẹ ẹ́ tegungun-tegungun."

Dillard, àbúrò Arvel, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, dìde. "Jẹ́ kí n lọ mú un wá."

"Ìwọ àti orúnkún wo?" ni Arvel wí. "Jókòó jẹ́ẹ́. Bíi màlúù lo ṣe ń wọ odò. Ìyàwó mi ni kó lọ."

Orpha fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà àwọn awakùsà àtijọ́ ti parí, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó. Nínú ìdílé Arvel, wọn kì í fi odò yìí han ẹnikẹ́ni. Orpha pàápàá, ẹ̀yìn ìgbéyàwó ló tó mọ̀ ọ́n. Bàbá Arvel ló sọ bẹ́ẹ̀: àfẹ́sọ́nà lè yí ọkàn padà, kó lọ fi odò ṣe ẹrù ìyàwó nílé ọkùnrin mìíràn.

Àpáta náà ga ju ilé lọ, omi sì ń ya lulẹ̀ láti orí rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹja òṣùmàrè wà, àwọn tó ní ilà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwọn ará ìjọba máa ń fi ọkọ̀ kó wá dà sódò. Àwọn òṣùmàrè yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ẹja alámì tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò lè fò kọjá Àpáta. Ẹja alámì nìkan ló wà lókè, kí ẹnikẹ́ni tó dé orí òkè wọ̀nyí ni wọ́n ti wà níbẹ̀. "Ògiri tí Ọlọ́run mọ nìyẹn," bẹ́ẹ̀ ni bàbá Arvel máa ń wí.

Orpha di gbòǹgbò igi mú, ó gun ẹ̀gbẹ́ Àpáta títí ó fi dé òkè. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn òkúta, ó fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, ó sọ ọ́ sínú ibú àkọ́kọ́. Ẹja gbé e lójú ẹsẹ̀. Ó fà á sókè.

Ilà pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ìrù.

Ó wò ó títí. Ó lọ sí ibú kejì: òṣùmàrè. Ibú tó tẹ̀ lé e: òṣùmàrè. Ẹja kò ní ìyẹ́ tí yóò fi fò kọjá Àpáta. Ẹnìkan ló gbé wọn wá.

Ìgbà tó yíjú ló rí garawa funfun kan tó kọ́ sórí ẹ̀ka igi. Téèpù dúdú ni wọ́n fi dì í nídìímú, bí Arvel ṣe máa ń fi dì gbogbo ohun tó bá ń fọwọ́ mú, òòlù, ọkọ́, títí kan ìkòkò kọfí.

Orpha jókòó sórí òkúta. Ó rántí ọdún ọ̀dá, kí àìsàn tó dá Arvel dùbúlẹ̀. Arvel wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó tutù dé ìbàdí, ó ń wúkọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó jí ẹran jẹ. "Mo ṣe nǹkan kan lónìí," ó ní. "Tó bá tó àsìkò, n ó fi hàn ọ́." Nígbà náà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Orpha bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú náà, ṣùgbọ́n Arvel ní òun ṣì ríran ju adìẹ lọ. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n bá kéré, ọmọ alámì àti ọmọ òṣùmàrè jọra bí ìbejì.

Ó tẹ̀ síwájú títí dé ibi tí odò ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ṣeé fi ìṣísẹ̀ kan sọdá. Níbẹ̀ ni nǹkan fa ìwọ̀ wẹ́rẹ́. Ó tẹ ọwọ́ bọ omi kó tó fọwọ́ kàn án, kí ara ẹja má bàa bó, bí Arvel ti kọ́ ọ. Ẹ̀yìn ẹja náà dúdú bí èéhù ara òkúta, àmì pupa kéékèèké wà lára rẹ̀, ikùn rẹ̀ pọ́n bí oòrùn tó ń wọ̀, etí lẹbẹ rẹ̀ sì funfun bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ ẹfun.

Alámì.

Arvel wà nílé, ẹnu rẹ̀ ń retí ẹja yìí. Orpha wo odò sókè, ó wò ó sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ ọwọ́ sílẹ̀ sínú omi, ó sì ṣí i. Ẹja náà dúró díẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì lọ. Orpha bú sẹ́kún níbẹ̀, ó ké e sókè, torí odò nìkan ló ń gbọ́.

Ìgbà tó gbé garawa náà délé pẹ̀lú àwọn òṣùmàrè tó mú, Dillard yọjú wo inú rẹ̀. "Orpha, èyí kì í ṣe..."

"Bá mi gbé páànù ìyá yín wá."

Dillard wo ojú rẹ̀. Ó wo téèpù tó wà lára garawa. Ó lọ gbé páànù.

Orpha gé lẹbẹ wọn kúrò, ó yí wọn nínú ìyẹ̀fun àgbàdo títí ó fi bo ilà pupa wọn mọ́lẹ̀, ó dín wọn nínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Ó gbé Arvel jókòó, ó fi ìka já ẹja sí i lẹ́nu. Arvel jẹ ẹ́ pẹ́.

"Ẹnu mi ti kú, Orpha."

"Báwo?"

"Adùn yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ẹja ni, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ lẹ́nu. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ lọ."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, òṣùmàrè, ni Orpha ìbá sọ, kó fi dá ẹnu ọkọ rẹ̀ padà fún un. Ọ̀rọ̀ náà ni ìbá sì gba odò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Oògùn ni," ó ní. "Oògùn ló ń ba ẹnu jẹ́."

"Ṣé o rí wọn?" Arvel di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àwọn ọmọ alámì. Nígbà ọ̀dá, wọ́n ń kú lọ nísàlẹ̀ Àpáta. Mo fi garawa gbé wọn gòkè. Tí ó bá rẹ̀ mí, mo sinmi, mo tún gbé."

"Pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró wo, arúgbó yìí?"

"Èyí náà ni." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbà á. "Ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa?"

"Odò kún fún wọn."

Dillard jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bá mi máa tọ́jú wọn," ni Arvel wí, ojú rẹ̀ ti ń pa dé.

"N ó tọ́jú wọn."

Nígbà tó sùn, Orpha jókòó tì í, ó jẹ ẹja tó kù tán, tegungun-tegungun. Lẹ́yìn náà ó mú ọkọ́, ó lọ sẹ́yìn ilé adìẹ níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Dillard tẹ̀ lé e.

"O ò lè fi ìwọ̀ kó òṣùmàrè wọ̀nyẹn tán, Orpha."

"Mo mọ̀."

"Tó bá jí, tó béèrè ibi tí o lọ ńkọ́?"

"Sọ fún un pé mo lọ tọ́jú ẹja rẹ̀."

Dillard mú agolo kan nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó di agolo mú fún un. Orpha tún ọkọ́ dì mú dáadáa, níbi tí téèpù dúdú wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ekòló.