Ọjọ́ Tí Balógun Jókòó

Kí balógun ikọ̀ náà tó yí padà, bọ́ọ̀lù ti gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ó fẹ́ sáré tẹ̀lé e. Orúnkún ọ̀tún kọ̀. Ó dúró bí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ó ń wo alátakò náà bó ṣe rọra ti bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Méjì sódo, wọn ò sì tíì lo ogójì ìṣẹ́jú.

"Kí ló dé tí o ò jáde sí i?" Ó jágbe mọ́ gólì. Gólì, àbúrò ìyàwó rẹ̀, wolẹ̀. Kì í fèsì rárá.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n ti pàdánù tẹ̀léra. Bí tòní bá tún bọ́, wọ́n já sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ nìyẹn, àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì ti sọ ọ́ kedere pé àwọn ò bá wọn dé ibẹ̀: wọn á ti géètì pa ni. Ọdún mọ́kànlá ni balógun ti lò níbẹ̀. Ó ti bẹ àwọn ọmọ náà, ó ti bú wọn, ó ti lé wọn gun òkè ní ìdájí, ó tilẹ̀ ti gbààwẹ̀ láìsọ fún ẹnì kan. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ ń já sí.

Ní ìsinmi ìdajì eré, wọ́n wọ́ wọ yàrá ìmúra. Akọ́nimọ̀ọ́gbá, àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, jókòó sórí àpótí ìgò omi.

"Màá yọ gólì," ó ní.

Kò sẹ́ni tó gbèjà rẹ̀. Gólì ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́.

Balógun wò ó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi òwe yìí gún ọmọkùnrin náà lára.

"Ẹ má yọ ọ́. Èmi ni kí ẹ yọ."

Gbogbo ojú yí sí i.

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí orúnkún mi ti daṣẹ́ sílẹ̀. Góòlù méjèèjì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbà kọjá. Ariwo tí mò ń pa mọ́ yín, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń bò."

"Oṣù mẹ́ta!" ni agbábọ́ọ̀lù iwájú wí, ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pè ní Atamátàsé, nítorí kò tíì jẹ góòlù kan lọ́dún náà. "Ẹ sì ń lé wa gun òkè?"

"Mo mọ̀, bọ̀ọ̀dá," ni gólì wí jẹ́ẹ́. "Ẹ̀yìn yín ni mo máa ń wà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ìgbà wo lẹ dákẹ́?"

Balógun tú ọ̀já balógun kúrò ní apá rẹ̀, ó sì so ó mọ́ apá gólì.

Lórí bẹ́ǹṣì, kò sóhun tó lè ṣe. Ó di etí àga náà mú. Nígbà tí alátakò gba apá òsì wọlé, ó la ẹnu, àmọ́ ariwo èrò gbé ohùn rẹ̀ mì.

"Òsì! Òsì! Ẹ fi sílẹ̀ fún mi!"

Ohùn gólì ni, ó ti ha. Ó fò, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ọ̀lù kan ba Atamátàsé lẹ́yìn, ó sì wọlé; òun gan-an ò mọ̀ títí wọ́n fi dì mọ́ ọn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wọn kan fi orí kan èkejì wọlé. Fèrè dún. Ọ̀mì ni.

Ọ̀mì ò tíì gbà wọ́n là. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣì kù, balógun ò sì ní sí nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà sáré lọ bo gólì mọ́lẹ̀. Balógun fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀, ó tún jókòó. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wá a.

Ó dùn ún dé egungun. Wọ́n ń pe ara wọn lórí pápá, ọ̀kan ń dá èkejì lóhùn, ó sì wá yé e pé ariwo òun ò jẹ́ kí òun gbọ́ ìyẹn rí.