Ta Ló Ń Gbọ́ Orin Sagbo?

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ fún mi pé mo ya òmùgọ̀. Ẹni tí kò bá tíì dúró létí òkun ní àárọ̀ mẹ́tàlélógójì, tí ó ń wo omi bóyá omi á dá ohun tí ó gbé padà, kí ó rọra pa ẹnu rẹ̀ dé.

Sagbo ọkọ mi àti ọkùnrin méjì mìíràn ni wọ́n jọ wọkọ̀ lọ pẹja ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Keje. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ìgbì dojú ọkọ̀ wọn dé. Àwọn méjì wẹ̀ jáde. Sagbo tí ó mọ omi wẹ̀ jù wọ́n lọ ni kò jáde. Wọ́n fi ọkọ̀ wá a, wọ́n fi ẹsẹ̀ wá a létí omi, wọn kò rí òun, wọn kò rí òkú rẹ̀.

Sagbo kì í mu ọtí, kì í mu sìgá. Orin ni tirẹ̀. Orin Gun àtijọ́, orin àwọn Ègùn, ló fẹ́ràn, ti àwọn ẹgbẹ́ olórin Àjàṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn ti kú, tí àwọn ọmọ wọn ń kó ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì wọn sórí Yútúùbù. Nígbà mìíràn, fọ́tò àwọn ọkùnrin mẹ́fà kan tí wọ́n wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà ni gbogbo fídíò ọ̀hún, kò ní mira títí orin á fi parí. Sagbo á jókòó, á máa wò ó bí ẹni pé wọ́n ń jó. Tó bá tán, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ọmọ Morogbo, tí n kò gbọ́ ju kí n kí ènìyàn lọ nínú èdè Gun, mo ti mọ orin wọn sórí tipátipá.

Nígbà tí ó ra fóònù fún mi, kò ní sùúrù láti ṣí àkáǹtì tuntun. Tirẹ̀ ló fi sí i. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ó bá wò lórí fóònù tirẹ̀ á hàn lórí tèmi, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó wò ó. Ohun tí mo bá wò náà á hàn lọ́dọ̀ rẹ̀. A ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kọjá sísọ. Tí mo bá ń wá bí wọ́n ṣe ń gé bùbá, àwọn ẹlẹ́nu gbàgàdà yìí ni wọ́n á kó fún mi. Òun náà á ní èmi ni mo fi gèlè kún fóònù òun.

Lẹ́yìn tí omi gbé e lọ, n kò tún wo fídíò kankan mọ́. Mo kàn máa ń ṣí àkọsílẹ̀ ohun tí a ti wò, kí n wo orin tí ó gbọ́ ní ìdájí ọjọ́ tí ó lọ. Òun ló wà lókè. N kò jẹ́ tẹ̀ ẹ́, n kò sì jẹ́ tẹ òmíràn, kí tirẹ̀ má baà sún sísàlẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógójì, mo wà ní ìsọ̀ mi ní ọjà Agbalata, níbi tí mo ti ń ta òwú àti bọ́tìnì. Mo ṣí i. Orin tirẹ̀ ti di ìkejì. Orin mìíràn wà lórí rẹ̀, orin Gun, ti àwọn ọkùnrin mẹ́fà yẹn gan-an. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òní ni wọ́n wò ó.

Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìsọ̀ fi sáré wá. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n ní ó wà ní pípa bíi ti àtẹ̀yìnwá. Kò dùn mí. Ta ni kò mọ̀ pé káàdì ìpè lè bàjẹ́ nínú omi kí fóònù má bàjẹ́? Sagbo kì í wọ inú ọkọ̀ láìfi ọ̀rá mẹ́ta di fóònù rẹ̀ kí ó tó fi okùn àwọ̀n so ó kọ́ ọrùn. Mo pa ìsọ̀ dé, mo lọ bá ìyá rẹ̀ ní abúlé wa, láàárín ọ̀sà àti òkun.

Àsìkò tí mo dé yẹn ṣe pàtàkì. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni Akíndé, àbúrò bàbá Sagbo, ti dá fún ètò òkú. Nínú ìdílé wọn, ẹni tí òkun bá gbé tí wọn kò rí, aṣọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń sin, ìyá rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú aṣọ náà jáde. Bí ìyá kò bá mú un jáde, kò sí ẹni tó lè sin nǹkan kan. Ìyá ti gbà láti mú un jáde. Ó ti kó aṣọ náà sínú àpótí kan, ó ti ti í, kò sì jẹun dáadáa láti ọjọ́ tí ó ti ṣe é.

Mo na fóònù sí i. “Ìyá, ẹ wò ó! Ó wà láàyè! Ó ń gbọ́ orin!”

Ó wo fọ́tò àwọn ọkùnrin náà títí. “Ovi ṣie,” ló wí, tí ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní èdè wọn. “Ovi ṣie. Ìyàwó, tún fi í hàn mí.”

Akíndé kò gbà. “Nurat,” ó ní, “ẹni tó ráyè gbọ́ orin, ṣé kò ráyè pe ìyá rẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni, ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ìyàwó ilé sọ fún àgbà. Mo ní ilẹ̀ Sagbo ló ń wọ̀ ọ́ lójú, pé òkú ló wù ú ju alààyè lọ. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ìyá ní kò sí ètò ní Sátidé mọ́. Ìyá tèmi ránṣẹ́ láti Morogbo pé kí n bẹ̀rẹ̀ opó mi bó ṣe yẹ mùsùlùmí. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ọkọ mi kò kú.

Lójoojúmọ́ ni orin ń wọlé, méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn márùn-ún. Orin tí Sagbo ti gbọ́ rí wà níbẹ̀, èyí tí kò gbọ́ rí náà sì wà. Tí mo bá ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á na ọwọ́. Á ka orin náà lórí ìka. Tí wọ́n bá pọ̀, á ní ara ọmọ òun ti ń le nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó tún yàrá Sagbo ṣe. Èmi ni mo ń bá a gbé bẹ́ẹ̀dì, inú mi sì dùn, mo fẹ́ sọ òótọ́, inú mi dùn ju ti ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ.

Ní ọjọ́ kọkànlá tí orin ti ń wọlé, mo gbé fóònù mi lọ bá Abdulbasit tó ń tún fóònù ṣe ní Agbalata, nítorí kò gba iná dáadáa. Mo ń fi orin ọkọ mi yangàn fún un. Ó wò mí.

“Àǹtí Nurat, ṣé àkáǹtì kan náà ló wà lórí fóònù méjèèjì?”

“Ọ̀kan náà ni.”

“A jẹ́ pé a lè rí ibi tí fóònù yẹn wà o. Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ?”

Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Àwòrán ọ̀nà jáde, àmì kékeré kan sì dúró lórí rẹ̀. Gbaji. Lójú títì Sẹ̀mẹ̀, níbi tí ọ̀kadà á gbé ènìyàn dé láìpẹ́.

Gbaji! Ènìyàn wà ní Gbaji, ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ń gbọ́ orin! Lórí ọ̀kadà, mo ti parí gbogbo rẹ̀ lọ́kàn mi: obìnrin ló gbà á sílé. Mo to èébú tí mo máa bú obìnrin náà lẹ́sẹẹsẹ, mo to èyí tí mo máa bú Sagbo. Kí ó ṣáà wà láàyè, màá fi ọwọ́ ara mi pa á.

Kí n tó rí ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Orin náà ń dún láti abẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Gbogbo èébú tí mo tò pòórá. “Sagbo!” nìkan ló jáde lẹ́nu mi. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọmọbìnrin onídìrí kan ló jókòó níbẹ̀, ó di orí oníbàárà rẹ̀ mú láàárín orúnkún. Fóònù Sagbo wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú igun rẹ̀ tó fọ́. Mo gbé e.

“Níbo ló wà? Pè é jáde fún mi!”

“Ta ni, Àǹtí? Fóònù mi nìyẹn o.”

“Ọkọ mi ló ni ín! Sagbo!”

Oníbàárà dìde pẹ̀lú orí tí wọ́n dì dé ìdajì, ó kọjá sí òdìkejì títì. Ọmọbìnrin náà, Dosi ni wọ́n ń pè é, kò bínú. “Àǹtí, n kò mọ Sagbo kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi ní fóònù.”

“Níbo ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti rí i?”

Ó na ọwọ́, ó pa orin náà lọ́wọ́ mi. Bó ṣe pa á ni mo ti mọ̀.

“Ẹ jókòó, Àǹtí,” ó ní. “Ẹ̀gbọ́n mi máa ń bá wọn fa àwọ̀n létí òkun. Omi ló gbé ẹnì kan wá. Ó ti pẹ́ nínú omi, wọn ò lè dá ojú ẹ̀ mọ̀. Fóònù yìí wà lọ́rùn ẹ̀ nínú ọ̀rá. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sin ín, kò ṣeé gbé sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sá fóònù sóòrùn, ó rí bátìrì mìíràn fi sí i. Wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa bi.”

“Kò ní àmì kankan?”

“Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ọmọńdinrin ọwọ́ òsì ẹ̀ ò ju ààbọ̀ lọ.”

Okùn àwọ̀n ló gé ìka náà, ní ọdún tí Sagbo gbé mi níyàwó. Mo jókòó sí bẹ́ǹṣì.

Ohun kan kò yé mi síbẹ̀: báwo ni wọ́n ṣe ṣí fóònù rẹ̀? Lẹ́yìn náà ni mo rántí. Mo ti fura sí Sagbo rí nítorí obìnrin kan, mo ní bí kò bá ní ohun tí ó ń fi pamọ́, kí ó má ti fóònù rẹ̀ pa mọ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ níṣojú mi. Owú tí mo jẹ ni kò jẹ́ kí fóònù náà ní kọ́kọ́rọ́.

“Orin yẹn bá fóònù wá ni,” Dosi ní. “N kò mọ̀ ọ́n rí. Mo kàn tẹ ọ̀kan, ló bá wọ̀ mí lára. Ó wá ń fún mi ní òmíràn. Pàdọ́ọ̀n, Àǹtí, ẹ má bínú.”

Ó mú mi lọ sí etí òkun. Iyanrìn àti igi àgbọn ni gbogbo rẹ̀. Ó tọ́ka sí ibì kan, ó ronú, ó tún tọ́ka sí ibòmíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà lójú omi. Mo dúró sí àárín ibi méjèèjì, mo sọ “Innā lillāhi”, n kò sì mọ ibi tí ó yẹ kí n kọjú sí.

Nígbà tí a padà dé ìsọ̀ rẹ̀, ó ní kí n máa gbé fóònù náà lọ. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ohun kan ni mo fẹ́, kí n yọ àkáǹtì Sagbo kúrò lórí rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ náà lè dúró. Fóònù bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo tẹ̀ ẹ́.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́,” Dosi ní, “ṣé àwọn orin yẹn á ṣì máa wá?”

Mo fẹ́ gbá a létí. “Wá a fúnra rẹ!” Ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ wọn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Èmi ni mo padà bá a tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí àwọn ọkùnrin mẹ́fà náà fi jáde.

Ìyá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo délé, ó na ọwọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. N kò fi ìkankan pamọ́. Ó gbọ́ ọ dópin.

“Irọ́ ni,” ó ní.

“Ìyá, ìka ọwọ́ rẹ̀...”

“Apẹja mélòó ni ìka rẹ̀ kò pé létí òkun yìí? Ìwọ lo sọ fún mi pé ọmọ mi wà láàyè. Mo gbà ọ́ gbọ́, nígbà tí gbogbo wọn ní orí rẹ ti dàrú. Kí ló wá dé tó fi rẹ̀ ọ́?”

Mo sunkún níwájú rẹ̀. Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó fún mi ní omi mu, ó ní ó ti rẹ̀ mí láti ọjọ́ yìí, kí n lọ sùn.

Akíndé lọ sí Gbaji fúnra rẹ̀, ó rí ẹ̀gbọ́n Dosi, ó padà wá bá Ìyá sọ̀rọ̀. Ìyá lé e jáde. Kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ náà wà ní ìdí rẹ̀, kò sí ẹni tó lè tú ìró ìyá àgbà láti gbà á. Sagbo wà nínú iyanrìn níbi tí a kò dá mọ̀ dáadáa, kò sí ètò, kò sí ẹkún. Èmi ni mo fa èyí. Ohun tí mo gbìn sí ìyá yìí lọ́kàn, n kò lágbára láti hú u.

Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí tí orin kankan kò wọlé. Lójoojúmọ́ ni Ìyá ń bi mí bóyá Sagbo ti gbọ́ òmíràn, lójoojúmọ́ ni mo ń ní, “Rárá, Ìyá.” Lónìí, mo ti ọjà dé, kò tilẹ̀ bi mí. Ojú rẹ̀ mọ́, bí ẹni tó ti rí ìdí ọ̀rọ̀.

“Dátà rẹ̀ ló tán,” ó ní. “Mo ti rò ó. Ta ló fẹ́ bá a ra dátà níbi tó wà? Fi ránṣẹ́ sí i.”

“Ìyá...”

“Fi ránṣẹ́ sí i, Nurat. Ọkọ rẹ ni.”

Ó yẹ kí n kọ̀. Ẹnu tí mo fi bú Akíndé, n kò rí i lò. Mo tẹ nọ́ńbà Sagbo, mo fi dátà náà ránṣẹ́, Ìyá sì dúró tì mí. Kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á: dátà yín ti dé orí nọ́ńbà yìí.

Ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú fóònù nínú rẹ̀.

“Ṣé o rí i?” ó ní. “Ó ti gbà á.”