Àwọn Tó Wá Wo Igbó Lásán

Bí alùpùpù Uthman ṣe yọ sí àbáwọlé Orílé-Ìṣọ̀pẹ̀ báyìí, ọkùnrin kan tó gbé agbòòrùn dání bẹ́ sí àárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ ọmọ tó ti òkè òkun dé.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀! Plọ́ọ̀tì mélòó?"

Uthman tẹ bíréèkì. Ìyàwó rẹ̀, Sọ̀fíyátù, tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, forí gbá a lẹ́yìn.

"A ò wá ra ilẹ̀," ni Uthman wí.

"Mo mọ̀." Ọkùnrin náà ṣẹ́jú sí i. "Bí gbogbo wọn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láwàlì lorúkọ mi. Ilẹ̀ tí kò ní wàhálà ni tèmi."

"Ìlú yín la wá wò. Wọ́n ní ìlú àtijọ́ ni, pé igbó wà níbẹ̀, pé odò wà níbẹ̀. A kàn fẹ́ wò ó ká sì padà sílé."

Láwàlì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo bàtà dúdú tó ń dán, ó wo aṣọ funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí títí tó fi le bí páálí, ó wo Sọ̀fíyátù nínú léèsì aláwọ̀ ewé. Láti ìgbà tí àwọn ará Èkó ti ń ya wọ ẹkùn Ọ̀fàdà bí omi, kò tíì sí ẹni tó wọ bàtà dídán wọ ìlú náà tí kò wá ra ilẹ̀, àfi àwọn tó wá tà á.

"Ẹ wá wo igbó," ó tún un sọ, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Igbó lásán."

"Lásán."

"Ẹ jẹ́ ká lọ rí Baálẹ̀," ni Láwàlì wí.

Òótọ́ ni Uthman sọ o. Wẹ́dà ni. Géètì àti ilẹ̀kùn onírin ló ń ṣe ní Ìbàfò, Mówè ló sì ń gbé. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ẹdẹ wá gba yàrá síbẹ̀, kò mọ ibòmíràn ju títì márosẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ariwo irin ló ń gbọ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, bó bá sì délé, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Orí ló fi ń dáhùn. Bí oúnjẹ bá dùn, á mi orí. Bí kò bá dùn, á mi orí náà, ṣùgbọ́n á rọra mì í. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti kékeré pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó sì ti pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ mọ́ dáadáa.

Nígbà tí ọmọ wọn, Nàfísàt, ṣì wà nílé, ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń sọ tó gbogbo wọn lò. Ṣùgbọ́n Nàfísàt ti wọ yunifásítì, ilé wá pa lọ́lọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Sọ̀fíyátù gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀, ó ní:

"Bàbá Nàfísàt, mò ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹdẹ lọ́jọ́ Ajé. Mi ò mọ ìgbà tí mo máa dé. Ẹ ò ṣẹ̀ mí o."

Bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ ẹ́ ni, Uthman ì bá mọ ohun tí ó máa tọrọ àforíjì fún. "Ẹ ò ṣẹ̀ mí" yẹn gan-an ló já a láyà. Ó rántí pé obìnrin yìí máa ń fi àwòrán hàn án lórí fóònù, àwọn tọkọtaya tó dúró lẹ́bàá odò, àwọn tó gun òkè, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi, òun náà á sì mi orí. Ó lọ bá aládùúgbò wọn, Delight, tó máa ń ná ọjà kiri láti Ifọ̀ dé Ọ̀fàdà. Delight ló júwe Orílé-Ìṣọ̀pẹ̀ fún un. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, Uthman sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó sọ nílé láti ìgbà Iléyá:

"Wọṣọ. A ń jáde."

Abẹ́ igi mángòrò ni wọ́n bá Baálẹ̀ Olúgbádé. Bàbá náà gbẹ bí ẹja yíyan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú ṣáṣá. Ìyàwó rẹ̀, Ròkíátù, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀. Uthman dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ibẹ̀ ni téèpù ìwọ̀n rẹ̀ ti yọ bọ́ nínú àpò, ó yí gbiri gbiri, ó sì lọ dúró sẹ́bàá ẹsẹ̀ Baálẹ̀.

Kò sí wẹ́dà tó ń jáde nílé láìmú téèpù, àní bó ń lọ sí yídì. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

"Igbó lásán," Láwàlì sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Baálẹ̀ mú téèpù náà nílẹ̀. Ó fà á gùn, ó tú u sílẹ̀, téèpù sì sáré padà wọlé pàì! Bàbá ta gìrì. Ó tún fà á.

"Ọmọ mi," ó ní, "ẹni tó wá wo igbó, kí ló fẹ́ fi èyí wọ̀n níbẹ̀? Ìrù ọ̀bọ?"

"Iṣẹ́ mi ni, Bàbá. Wẹ́dà ni mí."

Baálẹ̀ yíjú sí àwọn àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ó ní wẹ́dà lòun. Irọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló rán an wá wọn ilẹ̀."

Kí Uthman tó dìde tán nílẹ̀, ìròyìn ti dé òdìkejì ìlú. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Ìbíwùnmí, olórí ìdílé kejì tó ń bá ti Baálẹ̀ du igbó náà, dé pẹ̀lú ọ̀já tó gbà mọ́dìí, èrò sì tò tẹ̀lé e.

"Baálẹ̀, ẹ tún fẹ́ ta igbó wa!"

"Igbó yín? Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí baba ńlá yín ti wá bẹ̀ wá pé ká fún òun níbi tí òun máa sùn sí!"

Ariwo sọ. Láwàlì ń bá tibí sọ̀rọ̀, ó ń bá tọ̀hún sọ̀rọ̀, ó sì ń fi ojú sọ fún Uthman pé kó má fòyà, pé bí ọjà ilẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Uthman wá ibi tí òun lè gbà sá. Ìgbà náà ni Sọ̀fíyátù, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, gbójú sókè. Onídìrí ni. Láti àárọ̀ títí dalẹ́, orí àwọn ènìyàn wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ jáde láti inú orí bí a ṣe ń tú irun.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ó ní, "báwo ló ṣe wá jẹ́ tiyín?"

Gbogbo èrò yíjú sí i. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn rí.

"Dìde, ọmọ mi," ni Ìbíwùnmí wí. "Jẹ́ kí n fi hàn ọ́."

"Kò gbọdọ̀ dá fi hàn án o!" Baálẹ̀ ti fa ọ̀pá rẹ̀ yọ. Téèpù Uthman ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

Bí gbogbo ìlú ṣe rọ́ wọ inú igbó nìyẹn.

Igbó náà ṣú, ó tutù, òórùn ewé tútù gba imú kan. Wọ́n kọ́kọ́ dé etí yàrà tó yí ìlú àtijọ́ ká, ibi tí koríko àti igi ti bò, tó sì jìn tó pé ènìyàn lè dúró nínú rẹ̀ kí wọ́n má rí fìlà rẹ̀.

"Baba ńlá mi ló gbẹ́ ẹ," ni Baálẹ̀ wí. "Nígbà ogun, ibí yìí ló lúgọ sí pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, tí ọ̀tá ò fi lè kọjá."

"Lúgọ kẹ̀?" ni Ìbíwùnmí wí. "Ó já sínú rẹ̀ ni! Ìyá ńlá tiwa ló fi ọ̀já ọmọ fà á jáde."

"Ọ̀já wo?"

"Ọ̀já tí baba ńlá yín torí rẹ̀ fẹ́ ẹ níyàwó!"

"Ṣé ó fẹ́ ẹ ni?" Sọ̀fíyátù bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má dúró. Kí ló sọ fún un nígbà tó fà á jáde?"

Wọ́n sọ. Wọ́n sọ ọ́ lọ́nà méjì, wọ́n sì ń já ara wọn nírọ́ títí tí wọ́n fi dé ìdí ìrókò kan tí ọkùnrin mẹ́fà kò lè fọwọ́ yí ká. Níbẹ̀, wọ́n tún já ara wọn nírọ́ lórí ẹni tó kọ́kọ́ simi lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀bọ kan ń wò wọ́n láti òkè, ó ń họra. Àwọn labalábá funfun ń fò lórí ipa ọ̀nà bí bébà tí afẹ́fẹ́ gbé. Ẹrẹ̀ ti gba bàtà Uthman kan. Ó gbé èkejì lọ́wọ́, ó ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ó sì ń gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ níwájú. Ẹ̀rín náà gùn, ó ń já, ó sì tún ń bẹ̀rẹ̀. Ó rò ó títí kó tó rántí ibi tó ti gbọ́ ọ rí. Ẹdẹ ni, kí wọ́n tó ṣe yìgì.

Odò ni wọ́n parí ìrìn sí. Omi náà mọ́ débi pé ènìyàn ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, edé wẹ́wẹ́ sì ń sáré kiri nínú rẹ̀. Sọ̀fíyátù bọ́ bàtà, ó ká aṣọ sókè, ó sì wọ inú omi. Ibẹ̀ ni Láwàlì ti gbẹ́nu lé e.

"Ó dáa. Ẹ ti rí i tán. Ọ̀dọ̀ ìdílé wo lẹ ti fẹ́ rà á?"

Ìlú yí Uthman ká. Ẹnìkan gba kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò sí ìrìn àjò títí ọ̀rọ̀ fi máa yanjú. Ìbíwùnmí ń wò ó. Baálẹ̀ ń wò ó. Uthman mi orí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó lọ́tẹ̀ yìí. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Sọ̀fíyátù dúró láàárín odò, omi dé kókósẹ̀ rẹ̀, òun náà ń dúró de ohun tí ó máa sọ.

"Ẹ má bínú," ni Uthman wí. "Ìyàwó mi ń lọ sí Ẹdẹ lọ́la. Mi ò fẹ́ kó lọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìdí tí mo fi mú un wá síbí nìyẹn."

"Ẹ ò wá ra ilẹ̀ lóòótọ́?" Láwàlì béèrè bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ó pa agbòòrùn rẹ̀ dé.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rí tirẹ̀ rò mọ́. Baálẹ̀ àti Ìbíwùnmí wo ara wọn, ìjà igbó sì fò lọ bí ẹyẹ. Wọ́n jọ jókòó sórí igi tó wó, wọ́n ní kí Sọ̀fíyátù jáde nínú omi.

"Ṣé ó ń lù ọ́?" ni Ìbíwùnmí béèrè.

"Rárá, Màmá."

"Ṣé ó ń kó obìnrin kiri?"

"Rárá, Màmá."

"Kí ló wá ṣe?"

"Kì í sọ̀rọ̀."

Baálẹ̀ dúró kó gbọ́ ìyókù. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn, ó ní, "Ìyẹn nìkan? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní ẹni tí kì í…" Ojú rẹ̀ bá ti Ròkíátù pàdé. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì fa téèpù díẹ̀.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ni Ìbíwùnmí wí. "Ọkùnrin, jókòó síbí. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ fún ìyàwó rẹ. Má yọ nǹkan kan sílẹ̀."

"Níwájú gbogbo yín?"

"A ò níbi tí à ń lọ."

Uthman jókòó. Ó nu òógùn ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló sọ nípa géètì ńlá kan tí oníbàárà bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ sí. Ó wọn ilé ẹni náà dáadáa, ó jó irin pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó kùn ún lọ́dà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e jáde ló rí i pé géètì náà tóbi ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ.

"Ẹnu ọ̀nà tèmi ni mi ò wọ̀n," ó ní.

"Pẹ̀lú téèpù yìí?" Baálẹ̀ gbé e sókè.

Ẹ̀rín gba gbogbo igbó. Ìbíwùnmí di èjìká Baálẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Sọ̀fíyátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìgbà wo lèyí?"

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Mo bi yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà pé báwo ni iṣẹ́. Ẹ ní ó dáa."

"Ó dáa náà ni. Mo ti wó ògiri nígbà yẹn."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ìbíwùnmí bi í bóyá ó ṣì ń lọ sí Ẹdẹ. Sọ̀fíyátù fi etí aṣọ nu ojú.

"Màá lọ, Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń retí mi. Bí ó bá pè mí lórí fóònù, tó sì sọ ju 'ó dáa' lọ, màá padà."

Nígbà tí wọ́n padà dé abẹ́ igi mángòrò, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Uthman, Baálẹ̀ náà sì fi téèpù sílẹ̀ tipátipá. Ròkíátù fún wọn ní ìrẹsì tó ti ṣà, ó sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun gbígbóná lé Sọ̀fíyátù lọ́wọ́.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n gba àárín oko ìrẹsì kọjá. Láìsí ẹni tó bi í, Uthman bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó sọ nípa ẹni tó ní kó ya kìnnìún sára géètì, tí èyí tó yà wá dà bí ajá. Ibi tó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín dé, ó dúró díẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbóhùn sókè, bóyá afẹ́fẹ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Síbẹ̀, kò gbọ́ nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé kò dùn ni? Àbí ó sọ ohun tí kò yẹ? "Hẹn-ẹn" kan ṣoṣo, ìyẹn ì bá tó o.

Ọ̀nà tí wọ́n ti rìn kò pọ̀, àárín oko ìrẹsì kan náà ni wọ́n ṣì wà. Ṣùgbọ́n ó ṣe Uthman bí ẹni pé wọ́n ti ń bọ̀ láti ọdún mélòó kan. Ó wá rí tábìlì ilé wọn lójú ọkàn, ó rí obìnrin kan tó jókòó síwájú abọ́, tó ń sọ bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe lọ, ó sì rí orí kan tó ń mì.

Ó gbé alùpùpù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá Nàfísàt?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Sọ̀fíyátù méjèèjì wú fún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó gbé ìka sókè pé kó ní sùúrù, ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó sì gbé e mì.

"Kìnnìún tó dà bí ajá yẹn," ó ní, "ṣé wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín?"

Uthman kọjú padà síwájú, ó sì rọra ń wa alùpùpù náà lọ, kí ọ̀nà má baà tètè tán.