Ẹni Méjì Ló Ń Jí Katapílà

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń fọ́nnu pé òun nìkan lòun ń wa katapílà àtijọ́, ẹ bi í pé ta ló ń bá a jí i. Wíwà rẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Jíjí rẹ̀ ni iṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn ló ba èjìká ọkọ mi jẹ́, òun náà ló sì fẹ́ sọ èmi di arúgbó lọ́sàn-án gangan.

Bàbá Ìbejì ni gbogbo èèyàn ń pe ọkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìbejì wa ti dàgbà, wọ́n ti kúrò nílé. Ibi tí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ pupa ló ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí ilé wa rárá. Katapílà tó ń wà níbẹ̀ dàgbà ju àwa méjèèjì lọ. Ẹ́ńjìnì méjì ló ní. Èyí ńlá ń mu dísẹ́ẹ̀lì, agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá jí. Èyí kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹtiróòlù ló ń mu, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì wá ṣe láyé: kó jí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó padà lọ sùn. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé ẹ́ńjìnì kékeré yẹn, èmi gan-an ni. Á máa rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá a rín in.

Bí a ṣe ń jí i nìyí. Mo máa ṣí pẹtiróòlù sílẹ̀ fún èyí kékeré, mo máa wé okùn mọ́ kẹ̀kẹ́ irin tó wà lára rẹ̀, mo máa fà á. Lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, kì í pẹ́ kó tó dáhùn. Lọ́jọ́ tí orí kunkun rẹ̀ bá dé, mo máa fà á títí ìbàdí mi á fi máa pe orúkọ mi. Bó bá ti dún, tó sì gbóná díẹ̀, Bàbá Ìbejì máa fi ọwọ́ òsì ti ọ̀pá àkọ́kọ́, kí eyín èyí kékeré lè wọ inú eyín kẹ̀kẹ́ èyí ńlá. Á wá fa ọ̀pá kílọ́ọ̀ṣì, díẹ̀díẹ̀, kí èyí kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yí èyí ńlá. Lákòókò yẹn, ọ̀pá kẹta wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀pá èémí ni mo ń pè é. Bí mo bá fà á mọ́ra, ẹ̀mí ẹ́ńjìnì ńlá ò ní há, á ṣeé yí, ọ́ìlì á sì rìn dé gbogbo ara rẹ̀. Ó ní ìkọ́ tó yẹ kó máa di ọ̀pá náà mú, ṣùgbọ́n ìkọ́ ti jẹ tán, ọwọ́ èèyàn ló kù. Bí Bàbá Ìbejì bá mi orí sí mi, mo máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Èémí á pa dé, ẹ́ńjìnì ńlá á wúkọ́, á tu èéfín dúdú sókè. Lójú ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yọ eyín yẹn kúrò, torí bí ó bá pẹ́, ẹ̀gbọ́n á fi eré sísá pa àbúrò.

Ẹ lè ní kí ló dé tí kò pe ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kó bá a fa okùn. Ọ̀gá ibẹ̀ ló fà á. Ó-Yá-Ó-Yá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, torí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ti sọ lójú gbogbo wọn pé ọjọ́ tí katapílà yẹn ò bá ti jí, òun á gbé èyí tuntun tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí wá, òun á sì mú ẹni tó máa wà á wá pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá lọ mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Ìbejì ò lè gòkè ju àyà lọ mọ́, kò ní dúró di ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, kùtùkùtù la máa ń lọ, èmi pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́. Kí Ó-Yá-Ó-Yá tó dé, ẹ́ńjìnì ti ń dún, abọ́ ti wà lórí ìjókòó, èmi ti wà nílé tí mò ń bó gírísì kúrò ní èékánná. Gbogbo wọn ló sì ń yìn mí níbẹ̀ pé mo mọ ọkọ tọ́jú. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí kí ẹ̀gbọ́n mi tó pè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà. Ìyá wa kú nígbà tí mi ò tíì lè dá aṣọ wọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi pọ̀n, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn òun náà ò tíì gbó. Ìlú tó ń gbé jìn sí wa, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lèèyàn máa wà nínú ọkọ̀. Mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún.

"Olóríkunkun," ó ní. Bó ṣe ń pè mí láti kékeré nìyẹn. "Wọ́n ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ikùn mi ni."

"Áà! Ìgbà wo, Àǹtí?"

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n mú ẹnìkan wá tó máa dúró tì mí. Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ mi ò sí nítòsí. Bí o ò bá ráyè, má da ara ẹ láàmú. Àwọn nọ́ọ̀sì wà."

Ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ̀ mí rí láyé yìí. Àṣẹ ló máa ń pa. Ohùn tó fi ní kí n má da ara mi láàmú yẹn ló da ara mi láàmú jù.

Mo sọ fún Bàbá Ìbejì nígbà tó ń jẹun. Ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra èjìká rẹ̀.

"Ṣé kò lè sún un síwájú díẹ̀ ni?"

"Ṣé èmi ni dókítà?"

"Mi ò bá ẹ jà, Ìyá Ìbejì. Mò ń ronú ni."

"Ẹ máa ronú lọ. Láti ìgbà tí ẹ ti ń ronú nípa ìkọ́ ọ̀pá yẹn, ṣé ó ti hù padà?"

Ó mú ṣíbí rẹ̀, ó ń jẹun lọ. Mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ ẹ́ńjìnì yẹn ò mọ̀ pé tọkọtaya ń bínú. Ní àràárọ̀, a ń lọ, a ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa lórí ẹsẹ̀ onírin katapílà, ó ń mi orí, mo ń jọ̀wọ́ ọ̀pá, kò sí ẹni tó sọ fún ẹnìkejì pé ẹ kú iṣẹ́. Inú ń bí mi sí i, kì í sì ṣe pé ó ṣe mí níbi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló ń bí mi nínú. Bí mo bá lọ, iṣẹ́ lọ. Bí mi ò bá lọ, ẹ̀gbọ́n mi máa dá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù bí ẹni tí kò bí, tí kò sì tọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, okùn yẹn mú mi fà á títí. Èyí kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dún. Mo di ọ̀pá èémí mú, mò ń wo ojú ọkọ mi, mò ń dúró de orí tó máa mì. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò tíì tó àkókò rárá. Èémí pa dé lójijì, ẹ́ńjìnì kékeré gbìyànjú, ó kérora, ó sì kú fin-ín.

Bàbá Ìbejì yíjú sí mi. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n okùn tó wà nílẹ̀ ló ń wò.

"Ó ti rẹ̀ mí," mo ní. "Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá Ìbejì." Mo jókòó sórí irin tútù yẹn, mo bú sẹ́kún.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i tó mú okùn nílẹ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì wé e. Ó fà á, kò dún. Ó tún wé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á lọ́tẹ̀ yìí, mo sì gbọ́ igbe tó ké nígbà tí èjìká yẹn dá a lóhùn. Mo dìde, mo gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú mi ò tíì gbẹ tí a fi jí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Ìbejì ò wálé lásìkò tó máa ń wálé. Mo lọ wò ó níbi iṣẹ́. Gbogbo èèyàn ti lọ, òun nìkan ló jókòó sórí òkúta kan, tó ń jẹ ẹ̀pà. Katapílà dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò tíì pa á?"

"Mi ò pa á mọ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí o ó fi lọ, tí o ó fi bọ̀." Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lẹ́sẹ̀. "Mo ti sọ fún Ó-Yá-Ó-Yá pé nǹkan kan ti fẹ́ já lára èyí kékeré, pé ó sàn kí èyí ńlá má sùn títí mẹkáníìkì fi máa dé. Tí ò bá sùn, kò sí pé ẹnìkan ń jí i."

"Ta ló máa wá máa ṣọ́ ọ?"

"Èmi náà ni. Màá máa bu dísẹ́ẹ̀lì sí i, màá máa wo ọ́ìlì rẹ̀. Màá tẹ́ ẹní síbí."

"Bàbá Ìbejì, ẹ fẹ́ máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ariwo yìí?"

"Ìwọ tí mo ti ń sùn tì láti ọjọ́ yìí, tí ò ń han-an-run, ṣé ariwo ẹ kéré sí èyí ni?"

Ẹ̀rín pa mí, mi ò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ni mo wọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti rù. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ní, "Olóríkunkun, kí lo wá ṣe?" ó sì di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru jù, kí a ní sùúrù. Mò ń sùn lórí àga onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń gbé igbá ìtọ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹun. Ó rẹ̀ mí níbẹ̀ ju bó ṣe ń rẹ̀ mí nílé lọ.

Lọ́sàn-án, bí oòrùn bá ti mú, Bàbá Ìbejì máa ń pè mí látorí ìjókòó katapílà. Kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Á béèrè ẹ̀gbọ́n mi, á ní kí n jẹun. Ariwo ẹ́ńjìnì máa ń bo ohùn rẹ̀ débi pé mo máa ń fi ọwọ́ dí etí kejì. Ara mi máa ń balẹ̀ tí mo bá ti gbọ́ ariwo yẹn. Bó bá ń dún, iṣẹ́ ọkọ mi ṣì wà.

Nígbà tó yá, dókítà wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀, pé ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, fóònù dún, mo sì fi ọwọ́ dí etí kejì bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Ìyá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n ńkọ́?"

Kò sí ìdí fún dídí etí. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. Mo gbọ́ ọmọ aládùúgbò wa tó ń ké pé òun ò wẹ̀. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn yàrá wa tó ń han. Ilé ló wà, lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́.

"Ọ̀la ni wọ́n ní," mo dáhùn. "Katapílà ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Katapílà ti kú. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Bóyá epo ló tán nígbà tí oorun gbé ọkọ mi lọ, bóyá nǹkan mìíràn ni. Ó ti kú, kò sí ẹni tó máa bá a fa okùn, Ó-Yá-Ó-Yá ti rí ọwọ́ tí kò gòkè, wọ́n sì ti ní kó máa lọ sílé. Bàbá Ìbejì tí kì í lè purọ́ fún mi, tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tú u fó, ló ń fi fóònù purọ́ fún mi yìí.

Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ṣì wà. Bí mo bá wọ̀ ọ́, màá dé láàárọ̀, a lè jọ bẹ ọ̀gá, a lè jọ jí i lójú gbogbo wọn. Gbogbo èyí sáré kọjá lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka di etí aṣọ mi mú. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi ọkọ mi léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó máa jẹ́wọ́, bó bá sì ti jẹ́wọ́, mo gbọ́dọ̀ dìde.

"Ẹ má gbàgbé ọ́ìlì rẹ̀ o," mo ní.

Mo gbọ́ tó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé mo ti mọ̀.

"Mò ń wò ó," ó ní. "Jókòó ti ẹ̀gbọ́n ẹ."

Ó dùn mí wọra. Ó sì tù mí lára pé mi ò ní fa okùn yẹn mọ́ láyé, ojú sì tì mí pé ó tù mí lára.

"Ṣé kò sí nǹkan nílé?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Kò sí, Àǹtí. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Ó sún kúrò láàárín bẹ́ẹ̀dì, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìrora, ó fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣẹ́kù fún mi. Mo bọ́ bàtà, mo sùn tì í.