Ìbò Lórí Ìwọ̀n Gbèsè

Ní ọjọ́ Sátidé, ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún 1954, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa àgbẹ̀ Fìdítì dìbò lórí iye gbèsè tí ẹgbẹ́ lè jẹ lọ́dún náà. Ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wá. Èmi ni akọ̀wé, èmi ni mo sì kà wọ́n.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé lọ́dọọdún, kí oṣù kẹta tó parí, ìpàdé gbogboogbò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iye tó pọ̀ jù tí ẹgbẹ́ lè yá ní báńkì ní Ìbàdàn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà níjòókòó gbọ́dọ̀ gbà á. Bí oṣù náà bá parí tí wọn kò gbà, ẹgbẹ́ kò lè yá kọ́bọ̀ títí di ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1953, igba pọ́n-ùn ni wọ́n fọwọ́ sí. Kò tó ẹni mẹ́wàá pín.

Ní oṣù kìíní ni mo kọ àbá kan síwájú ìgbìmọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un kọ. Mo ní kí ẹgbẹ́ lè yá ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn, kí olúkúlùkù, ọkùnrin àti obìnrin, sì lè yáwó lórúkọ ara rẹ̀. Bàbá Àbọ̀dé, alága wa, díákónì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó ti rí i nígbà kan tí kòkó kò lówó lórí mọ́, tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí gbèsè. Ó gbọ́ àbá mi dé òpin, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin onítẹ̀síwájú yìí, ẹ̀ ń tẹ̀ síwájú lọ síbo gan-an? Ṣé sí kóòtù?”

Gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe àwa méjìlélógún tí a mọ ìwé nínú ẹgbẹ́ ní Onítẹ̀síwájú.

Solomon kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà ni ní ilé-ìwé ìjọ, onítẹ̀síwájú bíi tiwa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kiri ilé àwọn àgbà ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mú ìwé àdéhùn kan bọ̀. Irínwó pọ́n-ùn ni wọ́n gbà. Obìnrin lè yáwó, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ bá a tọwọ́ bọ̀wé láti dúró fún un. Gbogbo ìlú ń pè é ní Ìwé Solomon. Kò sí ẹni tó pe ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn tèmi ní ìwé Ezekiel rí.

Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti Solomon ṣe rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1941, àwa méjèèjì yege ìdánwò kan náà láti lọ sí ilé-ìwé gíga. Owó ilé-ìwé jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè mẹ́wàá. Bàbá mi ti kú ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Èmi ni mo ru àpótí Solomon dé ìdí mọ́tò, ìyá rẹ̀ sì fún mi ní tọ́rọ́. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alẹ́, ṣílè kan àti sísì lóṣù, oníkálukú á sì gbé àtùpà tirẹ̀ wá. Solomon kò ṣẹ̀ mí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìpàdé, ó wá bá mi nílé.

“Ezekiel, ìwọ lo kọ́kọ́ dá àbá yìí. Ìwọ ni kó o kà á fún wọn ní Sátidé.”

“Èyí tí mo dá kọ́ nìyí.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n lè dé nìyẹn. Tí mo bá tún fà á díẹ̀ sí i, ó máa já.”

“Kà á fúnra rẹ. Wọ́n fẹ́ràn ohùn rẹ.”

Ó dìde. “Ṣé o ò ní dì í lọ́nà?”

Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó dúpẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Hannah ẹ̀gbọ́n mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Opó ni. Ní ọdún 1949 tí ìyá wa dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló fi oko kòkó bàbá wa tó wà lọ́nà Ìlọrà yá pọ́n-ùn méjìdínlógún lọ́wọ́ Ṣàmsúdéènì, oníṣòwò kan láti Ọ̀yọ́. Ọdún márùn-ún ni ọkùnrin náà ti ń ká kòkó ibẹ̀. Lọ́dún yìí ó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ó sì fẹ́ owó rẹ̀ kí oṣù karùn-ún tó parí. Bí Hannah kò bá rí i yá nínú ẹgbẹ́, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kó ta oko náà pátápátá kó sì san án. Èmi ń gba pọ́n-ùn méjì àti ṣílè márùn-ún lóṣù, ọmọ mẹ́ta ló sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ìwé Solomon bá wọlé, ohun tó kù fún mi láti ṣe kò ju kí n tọwọ́ bọ̀wé fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ èyí. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìtàn yìí mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ní Sátidé, inú kíláàsì ńlá ilé-ìwé ìjọ ni a ti jókòó. Solomon ka ìwé rẹ̀. Ó kà á dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, Bàbá Àbọ̀dé sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó mọ́lẹ̀! Ẹni tó fi ojúmọmọ kàwé yàtọ̀ o. Akọ̀wé wa, máà bínú, àtùpà ò lè tó oòrùn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni bàbá náà ń ṣe, ó tilẹ̀ ṣẹ́jú sí mi. Solomon náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Ẹ̀rín díẹ̀ yẹn ni mo rí.

Mo dìde. Mo ní àdéhùn náà kò dára. Mo ní bí a bá fọwọ́ sí i lónìí pé obìnrin kò lè dá yáwó, ta ni yóò yọ ọ́ kúrò lọ́la? Mo ní ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn ni a béèrè, kí àwọn àgbà fún wa ní ohun tí a béèrè tàbí kí wọ́n gbé tiwọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ló sì jẹ́ kó rọrùn láti sọ.

Kíkẹ́lọmọ, tó ń ta gàrí ní ọjà Fìdítì, dìde láàárín àwọn obìnrin.

“Akọ̀wé, ta ló rán ọ?”

“Ẹ̀tọ́ yín ni mò ń jà fún, mà.”

“Ẹ̀tọ́ mi ti gbọ́. Ó ní kó o jókòó.” Ilé ya ẹ̀rín. “Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tí á máa bá mi rin ẹ̀gẹ́. Ọkọ mi á tọwọ́ bọ̀wé. Tó bá kọ̀, kó lọ máa se oúnjẹ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí owó yẹn gbà lọ́dún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni n ó dìde pé kí wọ́n yọ gbólóhùn yẹn, n ò ní rán ọ.”

Olúṣínà, ọ̀kan nínú àwa onítẹ̀síwájú, rọra sọ sí mi létí. “Akọ̀wé, ṣé ká gbà á, àbí ká dì í lọ́nà?”

“Ẹ dì í lọ́nà. Kí oṣù yìí tó parí, wọ́n á pè wá padà, wọ́n á sì gbà sí tiwa.”

Bí a ṣe ń dìbò nìyí: ẹni tó bá gbà á lọ dúró lápá fèrèsé, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó. Àwọn àgbà rọra dìde lọ sápá fèrèsé, díẹ̀ nínú wọn ń kùn. Solomon àti gbogbo obìnrin tẹ̀ lé wọn. Hannah wà láàárín wọn, ó kọjú sí mi. Mo ka àwọn apá fèrèsé, wọ́n jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Méjìdínlógójì ni òfin béèrè. Mo ka àwọn ẹnu ọ̀nà, wọ́n jẹ́ ogún. Mo rìn lọ dúró tì wọ́n, a di mọ́kànlélógún.

Bàbá Àbọ̀dé kò bínú. Ó dé fìlà rẹ̀.

“Ó tán. Ọlọ́run ti yọ wá nínú gbèsè. Solomon, a ti ṣe tiwa. Àwọn èèyàn rẹ ló kọ̀ ọ́.”

Àwọn àgbà jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ebè iṣu àti òjò. Solomon ká ìwé rẹ̀.

“Ẹni méjì, Ezekiel,” ó ní. “Ẹni méjì péré.”

Mo wo ojú rẹ̀, inú mi sì dùn. N kò rí i kó kùnà rí. Ìdùnnú náà bá mi dé ilé, ó bá mi jẹun.

Mo dúró de kí wọ́n pè wá. Oṣù kẹta parí, kò sẹ́ni tó pè wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, mo lọ bá Bàbá Àbọ̀dé lóko, mo ní kí wọ́n pe ìpàdé mìíràn, kí wọ́n sì kọ̀wé bẹ ìjọba láti fún wa láyè, níwọ̀n bí oṣù kẹta ti kọjá.

“Ìpàdé kí ni?” Kò tilẹ̀ gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fẹ́. Àwa náà ò fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnu dídùn Solomon ló fà wá débẹ̀.”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Mo ti rò pé àwọn àgbà ń fẹ́ owó náà bíi tiwa, pé bí a bá fún wọn lọ́rùn, wọ́n á fi í lé wa lọ́wọ́. Wọn kò fẹ́ ẹ rárá. Ohun tí Solomon rí gbà lọ́wọ́ wọn ni gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dún náà.

Hannah kò bá mi jà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bi mí, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

“Ṣé o ò lè bá mi tọwọ́ bọ ìwé kan ni?”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Báwo ló ṣe wá jẹ́?”

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, ó ta oko náà fún ọkùnrin ará Awẹ́ kan ní pọ́n-ùn mọ́kànlélógójì. Ṣàmsúdéènì gba méjìdínlógún rẹ̀, ó ṣàdúrà fún wa, ó sì lọ. Éékà mẹ́ta ni oko náà. Igi kòkó irínwó ó lé méjìlá ló wà nínú rẹ̀, àti igi obì mẹ́fà tí bàbá wa fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. A kò ní oko kankan mọ́ ní Fìdítì.