Ẹ̀dà Kejì

Opó náà ti tún dé. Ìgbà karùn-ún nìyí tí yóò jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, tí yóò gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ sórí itan, tí yóò sì máa wo ilẹ̀kùn ọ̀gá mi bí ẹni ń wojú òjò. Mo sọ fún un pé ọ̀gá wà nípàdé. Irọ́ ni, mò ń gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ nínú yàrá.

Lọ́yà ni ọ̀gá mi kó tó lọ sójú ogun, kó tó wá di aṣòfin. Kí n má purọ́, ẹsẹ̀ òsì tí ìbọn bà yẹn ló gbé e wọlé ìgbìmọ̀. Níbi ìpolongo gbogbo ló ti ń sọ ọ́ pé ọmọ ogun kan pọn òun kọjá odò, ó padà lọ gbé àwọn yòókù, kò sì tún bọ̀. Àwọn èèyàn á sunkún, wọ́n á dìbò. Obìnrin yìí gbọ́ ọ lórí rédíò. Nínú ikọ̀ yẹn, ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò padà.

Ohun tó ń fẹ́ kò ju lẹ́tà kan lọ. Ìwé àwọn ológun sọ pé ọkọ rẹ̀ sá lójú ogun, òfin tuntun sì ní kí ìdílé ẹni tó bá sá kó jáde nílé ológun. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá fún òun àtàwọn ọmọ rẹ̀, àfi bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá jẹ́rìí. Mo ti tẹ lẹ́tà ẹ̀rí náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀gá kò fọwọ́ sí i.

Láti ìgbà tó ti ń ṣe lọ́yà, ìwé kan kì í jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi ẹ̀dà kejì sílẹ̀. Ó máa ń ní lọ́yà tó bá ju ìwé nù, ẹjọ́ ló jù nù. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ tú àpótí irin rẹ̀ ní Ọjọ́rú, bóyá n ó rí ohun tó lè ran opó yìí lọ́wọ́. Mo rí ẹ̀dà kejì ìròyìn ogun tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ọkọ rẹ̀: “Ó sá. Ibi tí mo ti ń lé e padà ni ọta ìbọn ti bà mí.” Ọ̀gá ológun tó bá fi ibùdó rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wí ìdí tó fi kúrò níbẹ̀; ọ̀gá mi sì ti di ẹ̀bi tirẹ̀ lé ẹni tí kò sí láyé mọ́ láti jiyàn. Ìwé yìí ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fún un ní àmì-ẹ̀yẹ tó wà lára ògiri.

Mo gbé e lọ bá a. Kò bínú, ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Ó béèrè àlàáfíà ìyàwó mi, ó béèrè iye ọdún tó kù kí n fẹ̀yìn tì.

“Sun ún,” ó wí. “Yàtọ̀ sáwọn ológun, èmi àtìwọ nìkan la kà á.”

Mo sun ún. Ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ní ìdílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá tiro jáde fúnra rẹ̀, ó di opó náà lọ́wọ́ mú, ó sì fún un ní lẹ́tà kan tó ti fọwọ́ sí. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún un, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wọlé padà, opó náà na lẹ́tà náà sí mi.

“Bàbá akọ̀wé, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ mi ò sá?”

Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kì í sì í ṣe lẹ́tà ẹ̀rí. Ìlà mẹ́rin péré ni: ó ń bẹ àwọn ológun pé kí wọ́n ṣàánú ìyàwó ẹni tó sá, kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i láti fi kó ẹrù rẹ̀. Mo gbójú sókè. Ọ̀gá kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tán, mo sì rí orí ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ó wà níbẹ̀, màmá.”

Ó ká a, ó fi í sí àyà. Ó ní tí òun bá délé, sójà ẹnu géètì ni òun á gbé e fún, kó kà á sókè, kí àwọn ọmọ òun àti gbogbo aládùúgbò lè gbọ́.